Ìtàn Ìdásílẹ̀ Oyè Àkọ́kọ́ nínú Iṣẹ́ Ìrànlọ́wọ́ Ọmọnìyàn ní Orílẹ̀-Èdè Amẹ́ríkà, 1877 sí 1981

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni kí a tọpinpin bí ẹ̀kọ́ kan ṣe rí ọ̀nà wọ inú yunifásítì. Ẹ̀kọ́ náà ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní human services, tí a ó máa pè ní iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ọmọnìyàn láti ìsinsìnyí lọ. Ní òde òní, ẹni tí ó bá ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní orílẹ̀-èdè náà lè fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ, kí ó sì gba oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tí ó gba oyè yìí ni a ń bá pàdé ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní ibùdó àwọn tí kò rílé gbé, ní ọ́fíìsì àwọn tí ń mójú tó ọmọ tí òbí pa tì, àti ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún. Kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí, àti pé àwọn kan nínú wọn a máa ṣiṣẹ́ lóru kí wọ́n tó lọ jókòó ní kíláàsì lójú mọmọ nítorí oyè kan náà. Oyè tí ènìyàn ń fi owó àti àìsùn wá, ó yẹ kí a mọ orírun rẹ̀.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ nípa orírun náà. Àwọn kan gbà pé ọmọ tí iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú bí ni, pé nígbà tí ẹ̀kọ́ ìgbáyégbádùn gbòòrò tán ni ẹ̀ka yìí yọ lára rẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé àìtó òṣìṣẹ́ ni ó bí i, pé ìjọba nílò ọwọ́ púpọ̀, yunifásítì sì pèsè wọn. Òtítọ́ wà nínú èrò méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí a bá dúró lórí wọn nìkan, a kò ní lè ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe láàárín àwọn aláìní fi jẹ́ ọ̀pá ìdúró ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí ìdí tí àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì rẹ̀ fi jẹ́ àgbàlagbà, abiyamọ, àti ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba rí. Àbá wa ni pé orísun kẹta wà: ìjàkadì àwọn òtòṣì àti àwọn tí ó gbè wọ́n lẹ́yìn, láti jẹ́ kí ìmọ̀ tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí di ohun tí a ó kà sí.

A mú 1877 gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọdún náà ni ìtọrẹ àánú kọ́kọ́ ní ètò àti àkọsílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. A mú 1981 gẹ́gẹ́ bí òpin nítorí pé ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ ká ọwọ́ kò kúrò nínú púpọ̀ nínú ohun tí ó fún oyè yìí ní ẹ̀mí, síbẹ̀ tí oyè náà kò kú. A ó bi ara wa ní ohun tí kò jẹ́ kí ó kú.

2. Bí àánú ṣe di iṣẹ́, 1877 sí 1939

Òfin àwọn òtòṣì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1601 ni àwọn tí ó tẹ Amẹ́ríkà dó gbé dání lọ. Lábẹ́ rẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń bójú tó aláìní tirẹ̀, ẹni tí kò sì lè dá dúró a máa di èrò ilé àwọn òtòṣì. Nígbà tí ìlú ńláńlá dìde tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sì pọ̀, ètò yìí kò gbé e mọ́. Ní 1877, ní ìlú Buffalo, Àlùfáà S. Humphreys Gurteen dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ṣètò ìtọrẹ àánú káàkiri ìlú. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń bẹ̀rù ni pé bí a bá ń fún ènìyàn ní nǹkan láìwádìí, ìmẹ́lẹ́ ni a ń kọ́ ọ. Nítorí náà wọ́n ń rán àwọn àbẹ̀wò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin láti ilé olówó, lọ sí ilé àwọn aláìní láti béèrè ọ̀rọ̀, láti gbani níyànjú, àti láti kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú láìpẹ́.

Ní 1889, Jane Addams àti Ellen Gates Starr gba ọ̀nà mìíràn ní Chicago. Wọ́n kó lọ sí àárín àwọn àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù dé, wọ́n sì dá Hull House sílẹ̀. Wọn a máa kọ́ àwọn ọmọdé, wọn a máa kọ́ àgbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn a sì máa bá ìjọba jà lórí ẹ̀gbin àdúgbò àti iṣẹ́ àṣekú tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Buffalo àti Chicago ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Àbẹ̀wò ìlú Buffalo wọlé, ó wádìí, ó sì padà sílé rẹ̀. Ará Hull House ń gbé ibi tí ìṣòro wà. Ọ̀nà méjì yìí kò tíì yé bá ara wọn fà á títí di òní.

Ọ̀nà Buffalo ni ó kọ́kọ́ di ẹ̀kọ́. Àkọsílẹ̀ tí àwọn àbẹ̀wò ń ṣe ń béèrè ìlànà, ìlànà sì ń béèrè olùkọ́. Ní 1898, ẹgbẹ́ ìtọrẹ àánú ti New York ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ó di ilé-ẹ̀kọ́ olódindi ọdún kan ní 1904, tí ó sì padà di ẹ̀ka kan ní Yunifásítì Columbia. Ní 1915, wọ́n pe Abraham Flexner, ẹni tí ìròyìn rẹ̀ ní 1910 ti tún ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà ṣe, láti sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan ní Baltimore. Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè bóyá iṣẹ́ ìgbáyégbádùn jẹ́ iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni pé kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn tí ó gbọ́ ọ. Ní 1917, Mary Richmond tẹ ìwé Social Diagnosis jáde, níbi tí ó ti fi ìlànà hàn fún ìwádìí lórí ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe ń wádìí àìsàn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé òkè iṣẹ́ náà ga sí i. Òfin ìfẹ̀yìntì àti ìgbáyégbádùn ti 1935 mú kí ìjọba gba òṣìṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu sí ọ́fíìsì káàkiri ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1939 ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbáyégbádùn fi lélẹ̀ pé oyè kejì, olọ́dún méjì lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ni yóò máa sọ ènìyàn di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Àwọn yunifásítì ìjọba tí ń kọ́ni ní ipele oyè àkọ́kọ́ bínú, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1942, ìlàjà kò sì dé títí di 1952 tí àwọn méjèèjì parapọ̀ di ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí ìjà yìí fi sílẹ̀ ni àlàfo. Lókè ni àwọn olóyè kejì wà, tí wọn kò pọ̀. Nísàlẹ̀ ni òbítíbitì òṣìṣẹ́ wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ohunkóhun. Inú àlàfo yìí ni a ó gbin oyè tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ sí.

3. Ọwọ́ kò tó iṣẹ́, 1946 sí 1963

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀rọ̀ àrùn ọpọlọ di ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà kò lè gbójú fò mọ́. Ní 1946 ni wọ́n ṣe òfin àpapọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìlera ọpọlọ. Ní 1955, àwọn tí ó wà nínú ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó bí i 559,000. Àwọn ilé náà kún àkúnya, òṣìṣẹ́ wọn kò tó, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ti wọ ibẹ̀ láì nírètí pé àwọn yóò jáde. Oògùn tuntun kan, chlorpromazine, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Amẹ́ríkà ní 1954, fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gbé láàárín ẹbí àti ará àdúgbò bí ẹni tí yóò máa bójú tó wọn bá wà.

Ta ni ẹni náà? Ìbéèrè yìí ni ìgbìmọ̀ tí Ilé Aṣòfin gbé kalẹ̀ ní 1955 dojú kọ. Nínú ìwádìí tí George Albee ṣe fún ìgbìmọ̀ náà, tí ó jáde ní 1959, ó fi hàn pé bí wọ́n ti ń kọ́ dókítà àrùn ọpọlọ, onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá àti òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn nígbà náà, iye wọn kò lè tó ohun tí a nílò láéláé. Kò sí bí a ṣe lè yára sí i tó. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1961. Ní oṣù kejì ọdún 1963, Ààrẹ John Kennedy kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì buwọ́ lu òfin ibùdó ìlera ọpọlọ ti àdúgbò ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, nígbà tí ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n pa á. Òfin ti wà, owó ilé kíkọ́ ti wà; àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ nínú ilé náà ni a kò tíì rí.

4. Iṣẹ́ ṣáájú ẹ̀kọ́, 1964 sí 1969

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin tí ó fi kéde ogun lórí òṣì. Òfin náà pa á láṣẹ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an gbọ́dọ̀ kópa nínú ètò tí a bá ṣe fún wọn, dé ibi tí agbára bá gbé e dé. Àwọn aṣòfin tí ó kọ gbólóhùn yìí kò jọ bí ẹni tí ó mọ ibi tí yóò já sí. Àwọn òtòṣì gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ní 1965, Arthur Pearl àti Frank Riessman tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní New Careers for the Poor. Kókó àlàyé wọn rọrùn. Àwọn òtòṣì kò ríṣẹ́. Ilé ìwòsàn, ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn kò rí òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a so méjèèjì pọ̀. Kí a gba ènìyàn síṣẹ́ láìbèèrè ìwé ẹ̀rí, kí a kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, kí yunifásítì fún un ní yúníìtì fún ohun tí ó ń kọ́ níbẹ̀, kí ó sì máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba oyè bí ó bá wù ú. Ìlànà yìí yí ètò tí ó wà nílẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ ni ó ń ṣáájú iṣẹ́. Nínú ètò tuntun, iṣẹ́ ni ó ń ṣáájú ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ti rí bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń gbé lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí aránṣọ ní ilẹ̀ wa kò ní rí i bí ohun àràmàǹdà, ṣùgbọ́n ní ibi tí ìwé ẹ̀rí ti jọba, ìyípadà ńlá ni.

Riessman tún fi ohun kan kún un nínú àpilẹ̀kọ tí ó kọ ní ọdún kan náà. Ó ṣàkíyèsí pé ẹni tí ń ranni lọ́wọ́ náà ń rí ìwòsàn gbà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti mutí yó rí tí ó sì jáwọ́, bí ó bá ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti jáwọ́, ẹsẹ̀ tirẹ̀ a túbọ̀ múlẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ohun tí Riessman fi kún ọgbọ́n yìí ni pé kíkọ́ ará ẹ̀yìn náà wà lára ohun tí ń yọ ará iwájú kúrò nínú kòtò. Ní 1966, James Scheuer, aṣòfin láti New York, mú kí wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin 1964 kí owó ìjọba àpapọ̀ lè wà fún irú iṣẹ́ báyìí.

Ibi tí a ti rí agbára àti àbùkù ètò náà kedere ni Ilé Ìwòsàn Lincoln ní gúúsù Bronx, ní ìlú New York. Láti 1965, ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ibẹ̀ ṣí ọ́fíìsì kéékèèké sí ojú títì ní àdúgbò, wọ́n sì gba àwọn ará àdúgbò, aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Puerto Rico, síṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé lè wá nítorí oorun tí kò kun ojú rẹ̀, òṣìṣẹ́ a sì rí i pé onílé ni kò tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe fún un. Bí a bá fún un ní oògùn oorun, òtútù yóò ṣì wà nínú ilé. Òṣìṣẹ́ tí ó ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ ọ́fíìsì tí ó yẹ kí ó bá a lọ, ó mọ èdè tí yóò sọ, kò sì ní bi í ní ìbéèrè tí ń dójú tini.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 1969, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí gba ìṣàkóso ẹ̀ka náà mọ́ àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀sùn wọn pọ̀: wọ́n lé àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́, àdúgbò kò ní ohùn nínú ìpinnu, àkàbà ìgbéga tí wọ́n ṣèlérí kò sì sí. Ẹ̀sùn ìkẹyìn yìí ni ó kan ọ̀rọ̀ wa jù. Ètò tí ó ní kí ènìyàn máa gòkè díẹ̀díẹ̀ gbé e dúró sórí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì sí ìkejì. Bí ó ti wù kí ènìyàn mọ iṣẹ́ tó, bí kò bá ní ìwé, olùrànlọ́wọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Láti ibí yìí ni a ti lè lóye ìdí tí àwọn tí ètò náà ní wọn kò nílò ìwé ẹ̀rí fi di ẹni tí ń béèrè ìwé ẹ̀rí.

5. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn obìnrin àdúgbò kọ́kọ́ wọ̀

Àpẹẹrẹ kejì tún wá láti New York. Ní 1964, Audrey Cohen àti àwọn obìnrin mìíràn bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Women's Talent Corps. Nígbà tí owó ìjọba dé ní 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá ọmọ, láti di olùrànlọ́wọ́ ní ilé-ìwé, ní ilé ìwòsàn àti ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àwọn òtòṣì. Wọn a fi ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́, wọn a sì fi òmíràn wà ní kíláàsì. Wọ́n tún ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba dúnàádúrà kí ipò tí obìnrin náà ń kọ́ṣẹ́ fún lè wà nítòótọ́, kí owó oṣù rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìṣúná. Apá tí ó rọrùn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Kí a rí ipò tí yóò gba ẹni tí a kọ́ ni ó ṣòro.

Ní 1970, ẹgbẹ́ náà gba àṣẹ láti máa fúnni ní ìwé ẹ̀rí olọ́dún méjì, ó sì di College for Human Services. Ní 1974 ni wọ́n tún gbogbo ìlànà ẹ̀kọ́ wọn tò. Dípò kí wọ́n pín ẹ̀kọ́ sí ìtàn, ìmọ̀ ìhùwà ẹ̀dá àti ìmọ̀ ìṣèlú, wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí ète iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a mú ète kan ní sáà kan, a ṣe iṣẹ́ gidi kan tí yóò ṣe ẹnìkan láǹfààní níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, a sì kọ àlàyé lórí rẹ̀. Wọn a wá yẹ iṣẹ́ náà wò láti ojú márùn-ún: ète rẹ̀, ìwà ọmọlúàbí inú rẹ̀, àjọṣe òun àti ẹlòmíràn, ètò àwùjọ tí ó yí i ká, àti ọgbọ́n iṣẹ́ tí ó lò. Ìwé tí ó ń kà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí dàgbà dé ipele oyè àkọ́kọ́ àti oyè kejì lẹ́yìn náà, ó sì ń jẹ́ Metropolitan College of New York láti 2002.

6. Bí oyè náà ṣe tàn kálẹ̀

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn yunifásítì ńlá náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú owó àjọ ìlera ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀, Yunifásítì Purdue ṣe ètò olọ́dún méjì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ ní Fort Wayne, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Kíá ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò káàkiri bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ní Atlanta, Harold McPheeters àti ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ṣe àlàyé iṣẹ́ náà sí ipa mẹ́tàlá tí òṣìṣẹ́ lè kó. Lára wọn ni ẹni tí ń wá aláìní lọ sí ibi tí ó wà, alárinà tí ń so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó nílò, alágbàwí tí ń bá a jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, olùkọ́, olùtọ́jú, àti ẹni tí ń kó ará àdúgbò jọ. Ohun tí ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá pọ̀ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ìyá kan lè ní ìṣòro oúnjẹ, ti oògùn, ti kóòtù àti ti ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mẹ́rin bá pín in, ó lè ṣubú sáàárín wọn. Ó nílò ẹnìkan tí yóò mọ gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú èrò yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ọmọnìyàn àti iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ti fìdí múlẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e ni ìgbà tí nǹkan gba ìrísí tí a mọ̀ lónìí. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn gba àwọn olóyè àkọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ní 1970, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu òǹtẹ̀ lu ètò oyè àkọ́kọ́ ní 1974. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ní 1939 ni wọ́n wá ṣí padà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti kọ́lé sí ẹnu-ọ̀nà. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ọmọnìyàn dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ tiwọn sílẹ̀ ní 1975, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa fi òdiwọ̀n lélẹ̀ sílẹ̀ ní 1979. Láàárín ìgbà náà, àwọn kan ṣì ń rántí ìpìlẹ̀. Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbi tí Nnamdi Azikiwe àti Kwame Nkrumah ti kàwé, bẹ̀rẹ̀ oyè kejì nínú iṣẹ́ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì ń gba ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọlé bí kò tilẹ̀ ní oyè àkọ́kọ́.

7. Willowbrook àti ọdún 1981

Willowbrook, ní Staten Island, jẹ́ ilé ìjọba fún àwọn ọmọ àti àgbà tí a bí pẹ̀lú àléébù ọpọlọ. Ènìyàn 4,000 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ó ti lé ní 6,000. Ní 1972, oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan, Geraldo Rivera, gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wọ ibẹ̀, gbogbo ayé sì rí àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ìhòòhò nínú ìdọ̀tí ara wọn. Àwọn òbí pe ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́, ní 1975 ni wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan níwájú kóòtù pé kí wọ́n kó àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ sí ilé kéékèèké láàárín àwọn ará àdúgbò. Wọ́n ti ilé náà pa ní 1987. Ilé ńlá kan lè fi òṣìṣẹ́ díẹ̀ ṣọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilé kéékèèké kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́sàn-án àti lóru, ní ọjọ́ ọdún àti ní ọjọ́ ìsinmi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Willowbrook ṣẹlẹ̀ ní onírúurú ọ̀nà ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù.

A ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí a béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1981, ìjọba Ronald Reagan gé owó ìgbáyégbádùn kù, ó kó ohun tí ó ṣẹ́kù jọ fún àwọn ìpínlẹ̀ láti ná bí ó ti wù wọ́n, ó sì fòpin sí àjọ tí ó jogún iṣẹ́ ogun lórí òṣì. Àwọn ètò tí ń gba òtòṣì síṣẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ ti rẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó jáde kúrò nínú ilé ńlá ṣì wà láàárín ìlú, wọ́n sì ń fẹ́ olùtọ́jú. Ètò ìtọ́jú àwọn òtòṣì tí a ń pè ní Medicaid, tí òfin 1965 dá sílẹ̀, ṣì ń san owó fún un. Àìtó òṣìṣẹ́ ni kò jẹ́ kí oyè náà kú. Àwọn tí ó gbà pé àìtó òṣìṣẹ́ ni orísun rẹ̀ jàre débẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé ohun tí ó gbé nǹkan ró lè yàtọ̀ sí ohun tí ó bí i.

8. Èrè àti àdánù

Kí ni àwọn tí ó jà fún oyè yìí rí gbà? Wọ́n rí ohun púpọ̀. Títí di òní, ètò tí ìgbìmọ̀ 1979 bá lu òǹtẹ̀ lù ní ipele oyè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán wákàtí 350 iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Àgbàlagbà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lè wọlé láìsí ìtìjú, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ń ṣe kíláàsì ní àṣálẹ́ nítorí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ ẹni tí ó wá gba ìrànlọ́wọ́ ti di ara ohun tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Àdánù náà wà. Èkíní, ìwé tí wọ́n béèrè fún kí ó lè jẹ́ àkàbà ti di odi fún àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Iṣẹ́ tí obìnrin àdúgbò kan lè wọ̀ láìní ìwé ní 1966, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gba ẹni tí kò ní oyè àkọ́kọ́ sí i mọ́. Èkejì, oyè náà kò ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé àṣẹ òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn gbọ́dọ̀ gba oyè tí ìgbìmọ̀ ìgbáyégbádùn lu òǹtẹ̀ lù, èyí tí wákàtí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe rẹ̀ jẹ́ 400. Wákàtí 350 àti wákàtí 400 kò jìnnà síra, síbẹ̀ ìwé àṣẹ ni ó wà láàárín wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí kí ó tó forúkọ sílẹ̀ lè fi ọdún mẹ́rin rìn dé ẹnu ìlẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, owó oṣù kò bá oyè náà gòkè, nítorí pé ìjọba tí ó ń wá òṣìṣẹ́ púpọ̀ ń wá òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré pẹ̀lú.

Ṣé a lè wá sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ Lincoln ṣe àṣìṣe tí wọ́n fi béèrè ìgbéga? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ní ibi tí ìwé ti jẹ́ owó ọjà kò lè máa ná ọgbọ́n orí rẹ̀ lásán. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ohun tí ó sọnù nígbà tí yunifásítì gba ètò náà wọlé. Ní èrò tiwa, ìlérí tí ó so iṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ni ó sọnù: pé ipò yóò ti wà nílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ yóò fi nǹkan kún owó oṣù. Women's Talent Corps mọ̀ pé láìsí ìlérí yìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ a máa di gbèsè lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì mú kíláàsì àti iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, ó fi ìlérí náà sílẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé orísun mẹ́ta ni oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ọmọnìyàn ní. Àlàfo tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìgbáyégbádùn fi sílẹ̀ ní 1939 ni ó fún un ní àyè. Àìtó òṣìṣẹ́ tí Albee rí ní 1959 ni ó fún un ní owó, òun náà ni ó sì gbé e kọjá 1981. Ìjàkadì àwọn òtòṣì àti alátìlẹ́yìn wọn láàárín 1964 sí 1974 ni ó fún un ní ìrísí. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ìtàn náà kò ní dúró.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ohun tí ó mọ̀ tí ará àdúgbò kò mọ̀, ará àdúgbò sì ní tirẹ̀. Ní 1965, àwọn ènìyàn kan gbà pé oyè lè jẹ́ ibi tí ọwọ́ méjèèjì yóò ti pàdé. Iye ìgbà tí wọ́n ti pàdé nítòótọ́ láti ìgbà náà wá, kì í ṣe inú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ nìkan ni a ó ti mọ̀ ọ́n. A níláti wo ìwé owó oṣù àwọn tí ó gba oyè náà, a sì níláti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. A fi apá yẹn sílẹ̀ fún àwọn tí yóò bá wa tẹ̀ síwájú lórí ọ̀rọ̀ yìí.